Gígé Kì í Ṣe Lílà: Àtakò sí Ìtumọ̀ Kan Ṣoṣo tí Searle Fún Ọ̀rọ̀ Cut

Nígbà tí John Searle, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Yunifásítì Kalifóníà ní Berkeley, gbé àpilẹ̀kọ rẹ̀ jáde ní 1980 lórí ohun tí ó fara sin lẹ́yìn ìtumọ̀, ó mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ọmọdé pàápàá ń lò lójoojúmọ́, èyí tí í ṣe cut, ó sì fi í sínú gbólóhùn márùn-ún: ti ẹni tí ó kojú koríko, ti onígbàjámọ̀ tí ó kojú irun, ti ẹni tí ó kojú kéèkì, ti ẹni tí ó ṣe ara rẹ̀ lọ́gbẹ́, àti ti aránṣọ tí ó kojú aṣọ. Ẹjọ́ tí ó dá ni pé ìtumọ̀ kan náà ni ọ̀rọ̀ yìí ní nínú márààrún, àti pé ohun tí kì í jẹ́ kí á fi ọ̀bẹ gún koríko bí ẹni ń pín kéèkì, tàbí kí á ti ẹ̀rọ ìgékoríko gun orí kéèkì, kì í ṣe ìtumọ̀ rárá, bí kò ṣe ìmọ̀ àjùmọ̀ní nípa bí ayé ṣe ń lọ, tí ẹnikẹ́ni kì í sọ jáde lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ti tò tẹ̀lé e lẹ́yìn. N kò tíì rí ẹni tí ó fi èdè Yorùbá dá a lóhùn.

Kí á gbé gbólóhùn rẹ̀ márààrún dé iwájú àgbà tí ó gbọ́ Yorùbá dénú, kíá ni wọn yóò fọ́n ká. Koríko, ṣíṣán ni a ń ṣán an. Irun, gígẹ̀ ni, bí kò bá ṣe fífá. Aṣọ, rírẹ́ ni aránṣọ ń fi àlùmọ́gàjí rẹ́ ẹ. Kéèkì ni gé bá mu láìjanpata, àti ọgbẹ́ ọwọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀bẹ ni a ó sọ pé ó gé wa lọ́wọ́. Òótọ́ ni pé àwọn ọmọ ìgbà yìí ń ti gé bọ ibi gbogbo, tí wọ́n ń gé irun, tí wọ́n ń gé koríko. N kò ní sẹ́ ẹ, nítorí ohun tí etí gbọ́ kò ṣeé fọwọ́ bò. Ṣùgbọ́n gé tí ó wọ gbogbo ilé wọ̀nyí kò lè wọ ilé là, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí á fìdí kalẹ̀ sí.

Bí a bá ń gé igi nígbó, kí á fi ọ̀ràn ro ara ẹni wò, ni àwọn baba wa wí. Wọn kò wí pé bí a bá ń la igi. Ẹni tí ó gé igi, ìbú ni irin rẹ̀ gbà, ó dá fọ́nrán igi lábùú, irin náà ni ó sì ṣe iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí ó la igi, òòró ni ó tọ̀. Àáké kàn ṣínà ni, igi fúnra rẹ̀ ni ó parí iṣẹ́, nítorí ojú ibi tí fọ́nrán rẹ̀ ti tò láti ọjọ́ tí ó ti hù ni ó gbà yà. Ẹ mú iṣu wò. Bí a bá gé e, orí lọ ọ̀tọ̀, ìdí lọ ọ̀tọ̀. Bí a bá là á, abala kọ̀ọ̀kan ni yóò ní orí, tí yóò sì ní ìdí. Ẹni tí ó bá ní pípín sí méjì ni là túmọ̀ sí kò tíì dúró ti alágbàlá tí ń la igi ìdáná sí mẹ́rin, sí mẹ́jọ. Láti inú òòró yìí ni ọ̀rọ̀ ọgbọ́n wa ti wá: a ń la ọ̀rọ̀ yéni, ó di àlàyé, a ń la àwọn oníjà, ó di ìlàjà, ojú là, ó di ọ̀làjú. Nínú gbogbo wọn, ààlà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí olùlà tó dé. Ní ti gé, kíkúrú ni ó ń mú bá ọ̀rọ̀: a gé e kúrú, ó tán. Lílà ọ̀nà nínú igbó lè dà bí ẹni pé ó ta kò mí, nítorí igbó kò ní fọ́nrán. Bóyá òòró ìrìn ẹsẹ̀ ni a fi rọ́pò rẹ̀ níbẹ̀, n kò fi ọwọ́ sọ̀yà.

Asifa Majid àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008, fi àwòrán fídíò 61 nípa gígé àti fífọ́ nǹkan han àwọn tí ń sọ èdè 28, èdè Ewe tí í ṣe aládùúgbò wa wà lára wọn, Yorùbá kò sí. Wọ́n rí i pé ohun tí ó kọ́kọ́ ń pín irú ìṣe wọ̀nyí níyà ni bóyá olùṣe lè sọ tẹ́lẹ̀ ibi tí nǹkan náà yóò ti pín. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì gbà á fún gé àti fún fọ́. Ṣùgbọ́n níbo ni là yóò jókòó sí? Alálàgi mọ ibi tí àáké yóò bọ́ sí. Ibi tí ìyà náà yóò gbà jáde, igi ni ó mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn là, bẹ́ náà tún wà tí gé kò lè wọ ilé rẹ̀, tirẹ̀ kò sì gba àròyé púpọ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ajá Ògún Lákáayé, bíbẹ́ ni a ń bẹ́ ẹ, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni irin gbọ́dọ̀ bọ́ sí i.

Àwọn baba Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò fìgbà kan jẹ́ ọlọ́rọ̀ kan. Ceorfan, snīþan, scieran àti hēawan ni wọ́n fi ń pín iṣẹ́ yìí ṣe, cut kò sì hàn nínú ìwé wọn títí di ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá. Ó dé tán, snīþan kú, ceorfan tí a ń pè ní carve lónìí sì sún sẹ́yìn títí ó fi ku ẹran orí tábìlì àti ère gbígbẹ́. Ikú àwọn aládùúgbò ni ó fẹ ilẹ̀ cut lójú tó bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìmọ̀ àjùmọ̀ní kan tí kò ní ọjọ́ orí. Mo sì gbà pé ìdajì ohun tí Searle tò sẹ́yìn ìtumọ̀, ó kéré tán, ọ̀rọ̀ tí èdè rẹ̀ ti sọ nù ni. Òun fúnra rẹ̀ mẹ́nu kan oko tí wọ́n ti ń ta koríko pẹ̀lú erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ fún àwọn tí ń kánjú ní àgbàlá tútù, tí ọ̀gá oko sì lè fi cut pàṣẹ kí wọ́n pín in bí kéèkì dípò kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó ka èyí sí ẹ̀rí fún ara rẹ̀. Ọ̀gá oko tí ó bá ní "ẹ lọ ṣán an" àti èyí tí ó bá ní "ẹ gé e ní abala abala" ti pàṣẹ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, òṣìṣẹ́ sì ti mọ irin tí yóò mú dání kí ó tó dìde.