Ta Ni Ó Kọ Ìwé Mose?

Láti ìgbà pípẹ́ ni a ti ńpe Genesisi, Eksodu, Lefitiku, Numeri àti Deuteronomi ní ìwé Mose, ọ̀pọ̀ nínú wa sì gbà pé Mose fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo wọn. Kì íṣe láti ba ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni jẹ́ li a ṣe ńkọ èyí; ṣùgbọ́n kò yẹ kí olùkọ́ ṣe aláìmọ̀ ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti rò nípa rẹ̀, nítorí ọjọ́ kan ńbọ̀ tí ọmọ ilé-ìwé yíò bi í léèrè.

Inú ìwé náà gan-an ni ìbéèrè ti jáde. Deuteronomi 34 sọ ti ikú Mose àti ìsìnkú rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn kan nínú àwọn olùkọ́ Ju àtijọ́ ṣe wípé Joṣua li ó kọ ẹsẹ mẹ́jọ ìkẹhìn. Genesisi 12:6 sì wípé àwọn ara Kenaani wà ní ilẹ̀ náà nígbà ayé Abrahamu, bí ẹnipé nwọn kò sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tí a ńkọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni nwọ́n ṣì wà níbẹ̀ li ọjọ́ Mose. Abraham ibn Ezra, ọ̀mọ̀wé Ju láti ilẹ̀ Spéìnì, rí èyí ní ọ̀rúndún kejìlá. Ó wípé àṣírí kan wà níbẹ̀, kí ọlọ́gbọ́n pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Ní 1753, Jean Astruc, oníṣègùn ará Faransé, tẹ ìwé kan jáde lórí Genesisi, ṣùgbọ́n kò fi orúkọ rẹ̀ sí i. Ó fẹ́ gbèjà Mose ni. Ó ṣàkíyèsí pé orúkọ méjì, Elohim àti Yahweh, li a fi ńpe Ọlọ́run nínú ìwé náà li èdè Heberu, ó sì wípé àwọn ìwé tí ó ti wà ṣáájú ni Mose kó jọ. Ẹnyin òǹkàwé wa lè rí i fúnra yín nínú Bíbélì Yorùbá, tí a parí ìtumọ̀ rẹ̀ ní 1884: ní orí kini, “Ọlọrun” nìkan ni, láti orí keji ẹsẹ kẹrin, “OLUWA Ọlọrun”. Ní orí kini, a dá ẹranko ṣáájú ènìà. Ní orí keji, a mọ ọkùnrin ṣáájú ẹranko.

Ní 1878, Julius Wellhausen ará Jámánì wípé ìwé mẹ́rin li a so pọ̀, àti pé èyí tí í ṣe ti àwọn àlùfáà li ó kẹ́hìn, lẹ́hìn ìgbèkùn Babiloni. Ní 1882, ó fi ipò olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn sílẹ̀ ní yunifásítì Greifswald, nítorí ó rí i pé ẹ̀kọ́ òun kò mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹ fún iṣẹ́ ìjọ. Láti ìwọ̀n ọdún 1970 síhìn, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ti jiyàn sí ìṣirò rẹ̀. Síbẹ̀ èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn gbà pé ọwọ́ púpọ̀, ní ìgbà púpọ̀, li ó kọ ìwé náà.

Ọ̀kan dákẹ́, ọ̀kan fi orúkọ rẹ̀ pamọ́, ọ̀kan fi ipò rẹ̀ sílẹ̀. Ní tiwa, a kò rí ìdí fún ìbẹ̀rù. Àlùfáà Samuel Johnson gba ìtàn Yorùbá lẹ́nu àwọn àgbà àti arọ́kin. Nígbà tí ìwé tí ó kọ sọnù, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ rẹ̀, a sì tẹ̀ ẹ́ ní 1921. Ẹnu púpọ̀ àti ọwọ́ méjì li ó ṣe ìwé náà, a kò sì kà á sí asán. Nítorí náà, bí ọmọ ilé-ìwé bá bère, ẹ má ṣe bá a wí. Ẹ ṣí Genesisi orí kini àti ekeji níwájú rẹ̀, kí ẹ jùmọ̀ kà á.