Ìyá Àfíntẹ̀ àti Àwọn Ẹ̀dà Rẹ̀

Ká ní iṣẹ́ èèpo ìwé kan já lé ọ lọ́wọ́, ìwé lórí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ìlú ọlọ́sà méjèèjì. O fẹ́ fín ọkọ̀ ojú omi àti orúkọ ìlú sára líno, kí o fi íǹkì ra á, kí o sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Kí ni wàá pe iṣẹ́ náà?

Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 kò lè gbà wá níbí. Èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ló dá lé. Ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ wá síni lẹ́nu ni “gbígbẹ́”. N kò fara mọ́ ọn. Ẹni tó ń gbẹ́ igi ń wá odidi ère jáde nínú igi. Líno fẹ́lẹ́: epo irúgbìn ọ̀gbọ̀ ni wọ́n pò mọ́ èèpo igi kọ́ọ̀kì lílọ̀, tí wọ́n tẹ́ sórí aṣọ àpò. Frederick Walton, ará England, ló ṣe é jáde láàárín ọdún 1860 sí 1863, kí wọ́n lè máa fi tẹ́ ilẹ̀ ilé. Ojú rẹ̀ nìkan là ń kó irin ẹlẹ́nu gọ́tà bọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Ọ̀yọ́ ṣe ń fín igbá. “Fín” ló bá a mu. “Tẹ̀” sì ti wà nílẹ̀ láti ìgbà tí a ti ń tẹ ìwé. Mo so méjèèjì pọ̀: àfíntẹ̀. “Òǹtẹ̀” ì bá dára, àmọ́ kóòtù àti ìjọba ìbílẹ̀ ti gbà á. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò máa wá déètì àti ìbuwọ́lùwé.

Ní ti íǹkì, mo fẹ́ràn “tàdáwà”, tí àwọn ọmọ ilé kéwú fi ń kọ wàláà. Ṣùgbọ́n omi ń fọ ti wàláà kúrò, ti ìtẹ̀wé sì lóróró nínú. Kó máa jẹ́ íǹkì lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn aládìrẹ ni mo ti rí ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀, “mu”, gbà: ibi tí ẹ̀kọ bá wà lára aṣọ kì í mu aró. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibi tí irin bá gbà kọjá lára líno kì í mu íǹkì.

Ọ̀rọ̀ tó le jù ni ti lẹ́tà. Líno àti bébà ń kọjú síra wọn ni, ọ̀tún ẹni tó bá sì kọjú sí mi, òsì mi ni. Ìdí nìyí tí mo fi pe fífín lẹ́tà sódì ní ìfín ojúkojú. Ẹ̀PẸ́ lè tan ọ̀dọ́ oníṣẹ́ jẹ. Bó bá fín in bó ṣe ń kọ ọ́, àmì ohùn méjèèjì yóò bọ́ sí àyè wọn, lẹ́tà yóò sì tò bó ṣe yẹ. Kìkì pé Ẹ àti P yóò kẹ̀yìn síni. ÌKÒRÒDÚ kò ní dárí jì í. ÙDÓRÓKÍ ni yóò jáde, ohùn ìsàlẹ̀ yóò di tòkè, tòkè yóò di ìsàlẹ̀. Ẹni tó ń fín Yorùbá gbọ́dọ̀ yí àmì ohùn padà pẹ̀lú lẹ́tà.

Líno tí a fín ńkọ́? “Pátákó” kò tó o. Ìyá ni mo pè é, bí a ṣe ń wí ìyá ìlù, àwọn tó bá sì ti ara rẹ̀ jáde ni ẹ̀dà. Bruce Onobrakpeya, tó ya àwòrán sínú ìwé Fágúnwà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ní 1968, fi líno ṣe Ọ̀nà Àgbélébùú ní ẹyọ 14 lọ́dún 1969. Àwọn ìyá tó ti lò tán kò ṣòfò lọ́wọ́ rẹ̀: ó lẹ̀ wọ́n mọ́ pátákó, ó kùn wọ́n ní àwọ̀ idẹ, wọ́n sì di iṣẹ́ ọnà fúnra wọn. Bí ti èèpo ìwé wa náà bá dé ara ògiri bẹ́ẹ̀, ÙDÓRÓKÍ ni yóò wà lára rẹ̀.