Àwọn Òbí Tí Wọ́n Kọ̀ Láti Máa Dá Sunkún

Àwọn baba wa a máa wí pé, wèrè dùn ún wò, ṣùgbọ́n kò ṣe é bí lọ́mọ. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n kí ni ẹni tí ó ti bí i yóò ṣe? Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n, nínú iṣẹ́ olùṣọ́-àgùntàn, a ti jókòó ti baba àti ìyá tí ọmọ wọn, ọ̀dọ́ ọdún 15 tàbí 16, yí padà mọ́ lójú: kò sùn, kò jẹun, ó ń dá sọ̀rọ̀. Àìsàn náà dùn wọ́n. Ìtìjú sì mú kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí a jọ wo ìtàn díẹ̀.

Ilé tí ìjọba dá sílẹ̀ fún irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní Yábà ní ọdún 1907, ibi ìhámọ́ ni. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àró lẹ́yìn ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó bẹ àwọn ará ìletò tí ó yí Àró ká kí wọ́n gba aláìsàn sínú ilé wọn. Ó sì fi òfin kan lélẹ̀: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ìyá rẹ̀, tàbí ẹ̀gbọ́n, tàbí ìbátan mìíràn ni yóò bá a wá, tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa sìn ín lọ sọ́dọ̀ dókítà. Báyìí ni àwọn ẹbí tí ìpọ́njú kan náà dé bá ṣe ń gbé ìletò kan pọ̀, láìfi ara pamọ́.

Ní òkè òkun, ẹ̀bi ni wọ́n dì ru òbí. Ní ọdún 1948, Frieda Fromm-Reichmann, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé ìwà ìyá lè fa àrùn ọpọlọ líle tí a ń pè ní skisofrẹ́níà. Èrò náà tàn kálẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí àwọn onímọ̀ tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Kí a má ṣe fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwa náà ń wí pé ìyá ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọmọ rẹ̀.

Ní oṣù May 1970, John Pringle kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù, láìdárúkọ ara rẹ̀, nípa àìsàn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin àti bí ẹbí náà kò ti rí olùrànlọ́wọ́. Àwọn òbí mìíràn dáhùn, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1972. Ní ìlú Madison, ní Amẹ́ríkà, ìyá méjì, Harriet Shetler àti Beverly Young, jókòó jẹun pọ̀ ní ọdún 1977. Ọmọkùnrin àwọn méjèèjì ni ó ń ṣàìsàn kan náà. Wọ́n pe àwọn mìíràn. Nígbà tí ó di ọdún 1979, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ìpínlẹ̀ púpọ̀ péjọ ní Madison, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ NAMI sílẹ̀. Lónìí ẹgbẹ́ náà ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún òbí àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ tí irú ìṣòro yìí bá, àwọn òbí tí ó ti la irú rẹ̀ kọjá ni ó sì ń kọ́ni.

Ní oṣù January 2023, Nàìjíríà ní òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí ó rọ́pò èyí tí a jogún láti ìgbà àwọn amúnisìn. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n òfin kò lè bá ìyá jókòó ní ọ̀gànjọ́ òru. Ìyá bíi tirẹ̀ lè ṣe é.

Nítorí náà, a bẹ ìjọ kọ̀ọ̀kan pé kí òbí méjì tàbí mẹ́ta máa pàdé lóṣooṣù. Kí ẹni tí ó ti rí dókítà júwe ọ̀nà fún ẹni tí kò tíì rí. Kí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ má jáde. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe de ọmọ mọ́lẹ̀, kí a má sì ṣe fi àdúrà dí ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ìyá tí ó bá jókòó lẹ́yìn ní ọjọ́ ìsinmi tí ń bọ̀, tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ẹ súnmọ́ ọn.