Ọ̀run Móoru: fíìmù tó pa wá lẹ́rìn-ín, tó sì sọ Bàbá Sálà di onígbèsè

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ àdúgbò wa kan ní Àgbàdo bi mí pé, “Bọ̀ọ̀dá, ta ni Bàbá Sálà tí ẹ máa ń dárúkọ yìí gan-an?” Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí díẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n fi fíìmù rẹ̀ kan dáhùn.

Ta ni Bàbá Sálà?
Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ lorúkọ rẹ̀. Orin ló kọ́kọ́ ń ṣe. King Sunny Adé pàápàá wà nínú ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ kó tó dá tiẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó dá ẹgbẹ́ Aláwàdà sílẹ̀. Lórí ìtàgé àti tẹlifíṣàn làwọn èèyàn ti mọ̀ ọ́n: awò ojú ràgàjì, bótáì gbàgẹ̀dẹ̀, aago ńlá.

Kí ló wà nínú fíìmù náà?
Ọdún 1982 ló jáde. Ọlá Balógun, tó darí Àjàní Ògún lọ́dún 1976, ló darí rẹ̀. Lámídì kó sọ́wọ́ babaláwo ayédèrú tó ní òun máa sọ ọ́ di olówó. Owó wọmi. Ó bá bẹ́ sódò kó lè kú. Lọ́run, wọ́n ní ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, wọ́n fún un ní ẹyin oògùn. Ó fọ́ ẹyin, ó dolówó, fàájì bẹ̀rẹ̀. Àfi ìgbà tó ta jí: àlá lásán ni, wọ́n ti fà á yọ nínú odò.

Báwo ló ṣe wọ gbèsè?
Láyé ìgbà yẹn, òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ fíìmù, owó ńlá sì ni. Láti rí owó pa dà, òṣèré á gbé fíìmù láti ìlú dé ìlú, á gba gbọ̀ngàn, á gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n àwọn olè dà á sórí fídíò, wọ́n ń tà á. Ta ló tún fẹ́ wá sí gbọ̀ngàn? Bàbá Sálà wọ gbèsè.

Ẹ wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1927, wọ́n ṣòfin pé sinimá gbọ́dọ̀ máa fi iye kan hàn lára fíìmù tiwọn. Òfin yẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ fíìmù olówó pọ́ọ́kú, títí kan aláwàdà, rí ọjà nígbà tí fíìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ti wà láti 1970, síbẹ̀ kò gba Bàbá Sálà. Ọdún 1988 ni ìjọba tó gbé òfin tuntun jáde. Òmíràn tún dé lọ́dún 2023.

Èmi náà ńkọ́?
Mo jẹ́bi. Fídíò ayédèrú ni mo fi wo Ọ̀run Móoru, ní pálọ̀ aládùúgbò wa, ní kékeré. Àwòrán ń gbọ̀n, ohùn ń lọ ń bọ̀, a sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Kò sẹ́ni tó bèèrè ibi tí kásẹ́ẹ̀tì yẹn ti wá.

Bàbá Sálà kò jáwọ́ o. Ó ṣe Ààrẹ Àgbáyé lọ́dún 1983 àti Moṣebọ́látán lọ́dún 1985. Oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ló jáde láyé. Jìbìtì tí wọ́n lu Lámídì nínú fíìmù, wọ́n lu ẹni tó ṣe é níta, kì í sì í ṣe àlá.

Ọmọ tó bi mí léèrè yẹn ti fi lìǹkì fíìmù tuntun kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: ọ̀fẹ́ ni, ó ní kí n tètè dà á sórí fóònù. Mi ò tíì tẹ̀ ẹ́. Mo ní kó kọ́kọ́ ka èyí ná.