Ọjọ́ Tí Monck Padà Wọ Ìlú Lọ́ńdọ̀n

Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 oṣù Kejì, ọdún 1660. Ọ̀gágun George Monck kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kúrò ní Whitehall, ó tò wọ́n sí pápá Finsbury, ó wá ránṣẹ́ sí Thomas Alleyn, olórí ìlú Lọ́ńdọ̀n, pé òun fẹ́ wọlé. Àyà ará ìlú já, kò sì yẹ kó má já. Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì tó kọjá, àwọn ọmọ ogun yìí kan náà ló wú òpó ojú pópó, tí wọ́n kó ẹ̀wọ̀n irin tó dábùú ọ̀nà, tí wọ́n sì tú àwọn ìlẹ̀kùn ẹnubodè lulẹ̀. Kí ni ará ìlú ṣe? Wọ́n ní àwọn ò san owó orí fún ilé aṣòfin tó kù díẹ̀ kó tán pátápátá. Ilé yẹn ló pàṣẹ, Monck sì jẹ́ ẹ.

Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ́ Ọba Charles Kìíní lórí ní 1649, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò ní ọba mọ́. Cromwell, tó di olórí ìjọba lẹ́yìn náà, kú ní 1658, ọmọ rẹ̀ ò sì lè di ìjọba mú. Monck wá kó ogun rẹ̀ gba Coldstream sọ̀kalẹ̀ láti Sikọ́tílándì nínú oṣù Kìíní ọdún 1660. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà níkùn rẹ̀.

Ọ̀sán. Wọ́n ka lẹ́tà Monck nílé aṣòfin ní Westminster. Kí ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ tó kọjá, kí wọ́n ti pàṣẹ ìdìbò sí àwọn àga tó ṣófo. Kí wọ́n sì dá ọjọ́ tí ilé náà yóò tú ká. Kò sí ibi tó ti ní kí wọ́n lọ pe Charles, ọmọ ọba tí wọ́n bẹ́ lórí, wá. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n rẹ̀ wà: ó ṣí ìlẹ̀kùn, kò sọ ẹni tí yóò gba ibẹ̀ wọlé. Samuel Pepys, akọ̀wé ọmọ ọdún 26, wà níbẹ̀. Ó ní láàárín ààbọ̀ wákàtí, ayọ̀ ti yí ojú gbogbo èèyàn padà. Arthur Haselrig, ọ̀kan lára àwọn aṣòfin náà, fi ìbínú jáde. Ilé rán Thomas Scot àti Luke Robinson lọ bá Monck, pàbó ló já sí.

Ìrọ̀lẹ́, ní Guildhall. Monck ti sọ fún àwọn àgbà ìlú pé ohun tí òun ṣe sí wọn dun òun. Ọ̀gágun tó ní ìbọn lọ́wọ́, tó tún lè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó dà láàmú, ó wọ́pọ̀ bí? Nígbà tí Monck jáde láti yàrá tí wọ́n ti pàdé, Pepys ní òun ò gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ rí láyé òun. Àwọn èèyàn ń fún ọmọ ogun lówó, wọ́n ń fún wọn ní ọtí.

Aago mẹ́wàá alẹ́. Gbogbo agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún. Níbi afárá Strand nìkan, Pepys ka iná 31. Ìbàdí ẹran ni aráàlú fi ń pe ilé aṣòfin náà, nítorí náà ìbàdí ẹran ni wọ́n ń sun. Àwọn alápatà Strand ń fi ọ̀bẹ lu ọ̀bẹ bí agogo. Ní òkè Ludgate, ẹnì kan ń yí ẹran lórí iná, ẹnì kejì ń da ọ̀rá lé e.

Charles ọmọ ọba wà ní Brussels, ìròyìn ò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ni Monck yóò pàdé rẹ̀ ní èbúté Dover. Lóru ọjọ́ yìí, inú ìlú Lọ́ńdọ̀n làwọn ọmọ ogun Monck sùn, lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n tú ìlẹ̀kùn ẹnubodè wọn.