Ìlà Tí Ojú Kò Rí: Ilẹ̀ Yewa àti Ojú Ọjọ́ Òfurufú

Àwọn ará Yewa mọ ohun tí a ń pè ní ìlà tí ojú kò rí. Ní ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹjọ, ọdún 1889, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan tí ó la ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá sí méjì. Nígbẹ̀yìn, Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Ìlaró, Ayétòrò àti Ìmẹ̀kọ bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlà náà kò hàn lórí koríko, ṣùgbọ́n ó pín ẹbí, ó pín ọjà, ó sì pín èdè tí àwọn ọmọ fi ń kàwé. Ìlà mìíràn tí ojú kò rí tún wà tí kì í ṣe ọba tàbí àjẹ̀lẹ̀ kankan ni ó fà á, tí ó sì kan ilẹ̀ Yewa ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Òun ni ìlà agbedeméjì òòfà ayé.

Ayé tí a ń gbé inú rẹ̀ dà bí òòfà ńlá kan. Abẹ́rẹ́ òòfà tí a bá so kí ó lè yí sókè sódò yóò dà gbọnrangandan ní ìhà àríwá tàbí gúúsù pátápátá. Ṣùgbọ́n àwọn ibì kan wà tí yóò dùbúlẹ̀ gbalaja láìtẹ̀ sí ibì kan. Bí a bá so irú àwọn ibẹ̀ pọ̀ yípo ayé, ìlà agbedeméjì òòfà ni a ní. Kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú agbedeméjì ayé tí a ń rí nínú àwòrán ilẹ̀. Ní ìhà tiwa, ó gba àríwá Bẹ̀nẹ̀ àti àríwá Ìlọrin kọjá, ó sì ń yí díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Gúúsù rẹ̀ ni Ìlaró wà, kò sì jìnnà sí i.

Kí ni èyí já mọ́? Yàtọ̀ sí ìmọ́lẹ̀ oòrùn, tí ó máa ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 8 kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, afẹ́fẹ́ kan tí ó gbé agbára iná mànàmáná dání ń fẹ́ láti ara oòrùn láìdáwọ́ dúró. Nígbà mìíràn oòrùn a bú gbàmù, a sì pọ òkìtì afẹ́fẹ́ yìí síta. Ó lè lo ọjọ́ kan sí mẹ́ta kí ó tó kan ayé. Òòfà ayé ni odi tí ń dá a dúró. Ṣùgbọ́n bí òòfà inú afẹ́fẹ́ náà bá kọjú sí gúúsù, odi a yẹ̀, agbára a wọlé, àwọn hóró tí ó kéré jọjọ a sì rọ́ wálẹ̀ ní ìhà àríwá àti gúúsù ayé, títí ojú òkè yóò fi máa tàn bí aṣọ aláwọ̀ ewé àti pupa. Èyí ni ìmọ́lẹ̀ àríwá tí àwọn ará Norway àti Kánádà ń wò. Gbogbo ìyípadà tí oòrùn ń mú bá òfurufú tí ó yí ayé ká ni a ń pè ní ojú ọjọ́ òfurufú.

Ọdún 1859 ṣe pàtàkì nínú ìtàn ìmọ̀ yìí. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹsàn-án, Richard Carrington ń ya àwòrán àwọn àbàwọ́n ojú oòrùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ó rí i tí iná funfun kọ mànà láàárín wọn. Kò pé wákàtí 18 lẹ́yìn náà tí ìjì òòfà fi bẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ wáyà tẹligíráàfù dàrú ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ìmọ́lẹ̀ àríwá sì hàn títí dé Kúbà. Ní ọjọ́ kẹta, oṣù kejìlá, ọdún kan náà, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn jáde ní Abẹ́òkúta. Ẹni tí ó bá gbé ọjọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lè béèrè pé: ilẹ̀ olóoru ni Kúbà bí tiwa, kí ni kò jẹ́ kí Townsend ní irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ láti tẹ̀? Ìlà tí a sọ ṣáájú ni ìdáhùn. Kúbà jìnnà sí agbedeméjì òòfà. Àwa ni a wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó jìnnà sí ìmọ́lẹ̀ àríwá tó àwọn tí ó wà nítòsí ìlà yìí.

Ẹni tí ó bá dánu dúró níbẹ̀ yóò rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn wá. Ṣùgbọ́n ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju èje lọ. Ní nǹkan bí 100 kìlómítà sókè, ìtànṣán oòrùn ti sọ afẹ́fẹ́ di ohun tí iná mànàmáná lè gbà kọjá. Lọ́sàn-án, lókè ìlà agbedeméjì òòfà, iná a máa ṣàn láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn bí odò tóóró. Ibùdó ìwọ̀n òòfà tí a dá sílẹ̀ ní Huancayo, ní ilẹ̀ Peru, ní 1922 ni ó fi àmì rẹ̀ han ayé. Sydney Chapman sì fún un ní orúkọ ní 1951. Bí oòrùn bá wọ̀ tán, ọ̀rọ̀ mìíràn dé. Ní nǹkan bí 300 kìlómítà sókè, àwọn ìhó ńláńlá a máa ru sókè bí ìhó epo tí ó ń hó lórí iná. Ìgbì rédíò tí ó bá gba àárín wọn kọjá a máa gbọ̀n, bí ìràwọ̀ ti ń ṣẹ́jú. Ní ìhà tiwa, ó sábà máa ń le jù ní oṣù kẹta àti ìkẹrin, àti ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, pàápàá ní àwọn ọdún tí àbàwọ́n ojú oòrùn bá pọ̀. Nǹkan bí ọdún 11 ni àwọn àbàwọ́n náà fi ń yípo.

Ilẹ̀ Yorùbá ní ipa nínú ìtàn ìmọ̀ yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, University College, Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1948, ti ń ta ìgbì rédíò sókè láti fi mọ ìṣesí ojú òkè. Nígbà tí gbogbo ayé pawọ́ pọ̀ ṣe ìwádìí nípa ayé àti òfurufú rẹ̀ láti oṣù keje 1957 títí di oṣù kejìlá 1958, Ìbàdàn wà lára wọn. Lyon, Skinner àti Wright kọ̀wé lórí ìdàrúdàpọ̀ alẹ́ tí wọ́n rí níbẹ̀. Cyril Agodi Onwumechili, ọmọ Nàìjíríà, ṣe ìwádìí lórí ìṣàn iná ọ̀sán náà. Ó di Gíwá Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1979, ìwé rẹ̀, The Equatorial Electrojet, sì jáde ní 1997. Ìwọ̀n tí a wọ̀n lórí ilẹ̀ yìí wà lára ohun tí ayé fi lóye ojú òkè agbedeméjì òòfà.

Ṣùgbọ́n ta ni àsọtẹ́lẹ̀ òde òní ń sọ̀rọ̀ fún? Àwọn sátẹ́láìtì bí ACE, tí a fi ránṣẹ́ ní 1997, àti DSCOVR, ní 2015, lọ dúró ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ kìlómítà sí ayé, kí wọ́n lè mọ bí afẹ́fẹ́ oòrùn ti rí ní ìṣẹ́jú 15 sí 60 kí ó tó kàn wá. Òǹkà tí a sì mọ̀ jù fún ìmọ́lẹ̀ àríwá ni Kp, láti 0 dé 9, tí Julius Bartels ará Jámánì gbé kalẹ̀ ní 1949. Ní oṣù karùn-ún 2024 ó dé 9, àwọn ará Florida àti Mexico sì rí ìmọ́lẹ̀ náà. Ibùdó 13 ni a fi ń ṣírò Kp. Ọ̀kan kò sí ní Áfíríkà. Ìdí nìyí tí òǹkà náà fi lè sọ pé òfurufú parọ́rọ́, kí ìhó máa ru lókè Ìlaró ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ó sì lè sọ pé ìjì ń jà, kí ìhó má tilẹ̀ ru rárá. Òtítọ́ ni òǹkà náà ń sọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè àwọn ẹlòmíràn ni ó ń dáhùn.

Tiwa ni ó ṣòro jù láti sọ tẹ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ mọ oṣù tí ìhó ń pọ̀, wọ́n mọ wákàtí rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti sọ pé alẹ́ òní ni yóò ru, tí alẹ́ ọ̀la kò ní í ru, iṣẹ́ ńlá ni. Ẹni tí ó ń fi sátẹ́láìtì wọn ilẹ̀ ní ẹnubodè, àti awakọ̀ òfurufú tí ó ń bọ̀ wá sí Èkó ní alẹ́, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́, láti ọdún dé ọdún, lórí ilẹ̀ tiwa, ni ó lè yanjú rẹ̀. Yunifásítì Kyushu ti ilẹ̀ Japan ti gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n òòfà sí Ìlọrin. Ibùdó ìwádìí ojú òkè ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Anyigba, ní Ìpínlẹ̀ Kogi. Ìbẹ̀rẹ̀ dára. Ohun tí ó kù ni kí a má jẹ́ kí àkọsílẹ̀ já lágbede méjì.

Kí á sì má jẹ́ kí ìlà 1889 pín in. Nígbà tí UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún aráyé ní 2001, tí ó sì tún fi í sínú ìwé àkọsílẹ̀ ogún náà ní 2008, Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò ni ó jọ ni ín, nítorí eégún kò mọ ẹnubodè. Ìhó tí ó ru lókè Kétu kò dúró béèrè ìwé ìrìnnà kí ó tó dé òkè Ìmẹ̀kọ. Ohun tí àwọn ará ìhà méjèèjì jọ wà lábẹ́ rẹ̀, ó yẹ kí wọ́n jọ máa kọ ọ́ sílẹ̀.