Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí: Láti Orí Pápá dé Ìdíje Gómìnà

Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ń pè ní "Mathematical", jẹ́ agbábọ́ọ̀lù, oníṣòwò, òǹkọ̀wé nínú ìwé ìròyìn àti olóṣèlú ọmọ Nàìjíríà. Ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1952 ni wọ́n bí i. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, láti Wásinmi ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ṣùgbọ́n ìlú Jos ló gbé dàgbà, ibẹ̀ náà ló ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama. Nígbà tó yá, ó wá kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Polytechnic Ìbàdàn.

Lórí pápá

Ìbàdàn ló ti gbá bọ́ọ̀lù di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ẹgbẹ́ Shooting Stars, tí wọ́n ń pè ní IICC nígbà náà, ló gbá fún. Ní 1976, ẹgbẹ́ náà na Tonnerre ti Yaoundé, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ Cup Winners' Cup. Kò sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà kankan tó tíì gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ṣáájú wọn.

Láyé ìgbà yẹn, ẹni tí kò bá lè dé pápá a gbé rédíò sétí, ohùn Ernest Okonkwo ni yóò sì máa gbọ́. Gbajúgbajà sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yìí ló máa ń fún àwọn agbábọ́ọ̀lù lórúkọ. Òun ló pe Christian Chukwu ní "Chairman", tó pe Adokiye Amiesimaka, akẹ́kọ̀ọ́ òfin, ní "Chief Justice". Ó wo bí Ọdẹ́gbàmí ṣe ń gba apá ọ̀tún sáré, tó ń wọn bọ́ọ̀lù síwájú ilé bí ẹni fi rúlà fà á, ó ní oníṣirò ni.

Ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980 ni orúkọ náà bá a mu jù lọ. Nàìjíríà àti Àlgéríà pàdé ní Sùúrùlérè, ní Èkó, nínú àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Otto Glória, ọmọ Bùràsíìlì, ni kóòṣì Green Eagles, ikọ̀ Nàìjíríà. Ìṣẹ́jú 2 péré ni wọ́n gbá tí Ọdẹ́gbàmí fi ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ó tún ju òmíràn ní ìṣẹ́jú 42. Muda Lawal fi ẹ̀kẹta lé e, bẹ́ẹ̀ ni Nàìjíríà ṣe gba ife náà fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ọdẹ́gbàmí gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà nígbà 46, góòlù rẹ̀ sì lé ní 20. Adùn kọ́ ló fi kágbá rẹ̀ nílẹ̀, nítorí ní 1984, Zamalek ti Íjíbítì na Shooting Stars nínú àṣekágbá ife ilẹ̀ Áfíríkà ti àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló fi pápá sílẹ̀.

Okòwò àti ẹ̀kọ́

Kò jìnnà sí bọ́ọ̀lù. Òwò tó jẹ mọ́ eré ìdárayá ló ṣe, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì fi kọ ìwé lórí rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn. Ní nǹkan bí 2007, ó dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Wásinmi, níbi tí ọmọ ti lè kàwé kó sì kọ́ bọ́ọ̀lù lábẹ́ òrùlé kan náà. Ìrírí òun fúnra rẹ̀ ló fi lélẹ̀ níbẹ̀: bọ́ọ̀lù kò dí i lọ́wọ́ láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Ó tún dá ilé-iṣẹ́ rédíò Eagle7, tó wà fún eré ìdárayá, sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta.

Ìdíje fún ipò

Ní 2015, nígbà tí ọ̀rọ̀ rìbá da FIFA rú, ó kéde pé òun fẹ́ di ààrẹ àjọ náà. Òfin ní kí olùdíje rí àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè 5 tó máa fà á kalẹ̀. Orúkọ rẹ̀ kò sí lára àwọn tó yege.

Ní 2018, ó yíjú sílé. Ó kéde lábẹ́ àsìá Labour Party pé òun fẹ́ ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹni tó bá rántí ariwo Sùúrùlérè lè rò pé ọ̀nà ti là. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ òṣèlú ńláńlá àti àwọn bàbá ìsàlẹ̀ ló ń pín ìbò láàárín ara wọn. Nínú ìdìbò ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 2019, Dàpọ̀ Abíọ́dún ti APC ní ìbò 241,670, Adékúnlé Akínladé ti APM ní 222,153. Ipò náà kò bọ́ sọ́wọ́ Ọdẹ́gbàmí.

Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan gba ọ̀nà mìíràn wọ ìjọba ìpínlẹ̀. Amiesimaka, "Chief Justice" àná, di kọmíṣọ́nà ètò ìdájọ́ ní ìpínlẹ̀ Rivers. Ìyànsípò ló gbé e débẹ̀; Ọdẹ́gbàmí ní tirẹ̀ lọ bá aráàlú pé kí wọ́n dìbò fún òun. Ìṣirò ìbò ló le jù fún un, nítorí ẹni tó pàtẹ́wọ́ fún góòlù kò ṣèlérí ìbò. Ṣùgbọ́n kò dúró de ìbò ẹnikẹ́ni kó tó kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ Wásinmi.